Odò Kì í Gbé Wa

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má kà á sókè. Ojú ni kí o fi kà á. Bí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá ń na ọrùn, pa á dé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Èmi gan-an lẹ̀rù ń bà. Mo ti rí ohun tí ohùn ènìyàn lè dá sílẹ̀ tó bá ti kúrò lẹ́nu ẹni.

Ràṣídátù ni wọ́n ń pè mí. Ìyẹn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, n kò lè fi pamọ́ mọ́. Ìlú wa ni n kò ní dárúkọ. Jẹ́ ká máa pè é ní Etídò. Apá Kogi ni, lọ́dọ̀ àwa tí a ń sọ Yorùbá. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà níbẹ̀, èyí tí mo kà kẹ́yìn kò sì pé, nítorí ọdún náà ni odò kún wọ iléèwé.

Ọjà ẹja ní Kado, nínú Abuja, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní ẹja. Ọ̀bẹ ni mo ní. Bí o bá ra ẹja tán, wọn á ní kí o gbé e wá sọ́dọ̀ àwa tí a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. A ó pa àrọ̀ fún ọ, a ó kó ìfun rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ epìyà, a ó họ ìpẹ́ rẹ̀. Ìpẹ́ yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ mi lápá títí dé ìgbúnwọ́. Bí oòrùn bá tàn sí i, mo máa ń dà bí nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi, tí kò mọ ibi tó yọ sí.

Lugbe ni mò ń sùn, nínú ilé alájà kan tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ìdílé mọ́kànlá ni wá níbẹ̀, ará Etídò ni gbogbo wa. Àí-dí-pì ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn. Fèrèsé wa kò ní gíláàsì, aṣọ la ta sí i. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú ni ilé náà wà. Bàlúù máa ń kọjá lórí wa, ikùn rẹ̀ funfun bí ikùn ẹja, ó máa ń lọ jẹ́jẹ́, òjìji rẹ̀ á gba ara wa kọjá. Nígbà mìíràn mo máa ń dùbúlẹ̀, kí n máa rò ó pé àwa la wà nísàlẹ̀ odò, pé ayé wà lókè, ó ń wẹ̀ kọjá, kò rí wa.

Olóyè ló ni ilé náà. N kò ní dárúkọ Olóyè. Ọmọ ìlú wa ni, ó ti di ẹni ńlá ní Abuja. Òun ló ní ká máa gbé ibẹ̀, ká má san nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn ló ń gbàdúrà fún un. Èmi náà máa ń ṣe àmín. Mo máa ń ṣe é jẹ́jẹ́.

Nítorí mo mọ nǹkan kan.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ ló ń ṣọ́ afárá Etídò, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mò ń dín ẹja fún wọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nínú ọyẹ́, ọkọ̀ Olóyè dé. Wọ́n ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ kó sínú rẹ̀. Olóyè ń ṣí ilé tuntun ní ìlú kan, àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, wọ́n nílò ẹni tó máa ṣọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò tíì jẹ ẹja rẹ̀ tán. Ó fi ìwé wé e. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀la la ó padà."

Ọ̀la yẹn gan-an ni àwọn ajínigbé dé. Òwúrọ̀ ni. Kùrukùru bo odò, o ò lè mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Kò sí ẹnì kankan lórí afárá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ìdáyátù, bọ́ sómi, pé ká lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Mo dé òdìkejì. Mo yíjú padà. Gèlè ẹ̀gbọ́n mi ń lọ lórí omi, ó ṣì wé dáadáa. Orí kò sí nínú rẹ̀.

Ọdún kejì nìyí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ọmọ yẹn fi dé.

Ayọ̀midọ̀tun lorúkọ rẹ̀. Kubwa ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá sì lòbí rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ èdè ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń gba ìtàn àwọn tí wọ́n sá kúrò nílé sílẹ̀ fún rédíò. Ọjọ́ Sunday ló máa ń wá. Á bọ́ bàtà, á jókòó sórí ẹní bíi tiwa, á gbé fóònù rẹ̀ sáàárín.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni story yín, mọ́mì. Kì í ṣe gọ́mìnà, kì í ṣe àwa. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́."

Obìnrin kan wà tó máa ń jókòó tì mí. Jẹ́ kí n pè é ní Lydia. Mo ti yí orúkọ rẹ̀. Lydia ní, "Bí wọ́n bá wá gbá wa síta ńkọ́? O ní yàrá ní Kubwa tó máa gba gbogbo wa?"

"Kò ní sí orúkọ, mọ́mì. Gbogbo orúkọ ni mo máa yọ. Mo máa yí voice yín pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Yauwa. Kí tèmi dún bíi ti ọmọge o. Má lọ fún mi lóhùn ìyá arúgbó."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣí wa lẹ́nu. Àwa mẹ́fà la sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sọ ti afárá. Mo sọ ti ọkọ̀ Olóyè, mo sọ ti ẹja tí wọ́n fi ìwé wé. Nígbà tí mo dé ibi gèlè, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Nílé wa, a kì í wí pé ẹnì kan kú ká wá dákẹ́. A máa ń kì í. Bí a kò bá kì í, ńṣe ló dà bíi pé a jù ú sílẹ̀. Bí mo ṣe pa ojú dé nìyẹn, tí mo bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wa:

Ọmọ a-fi-àwọ̀n-bora,
ọmọ ẹja rí wa, ẹja rẹ́rìn-ín.
Odò kì í gbé wa…

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu. N kò parí rẹ̀.

Ọmọ náà ń nu ojú. Ó ní, "Mọ́mì, ó dùn gan-an. Ó dà bí orin."

Ó yẹ kí n ti sọ fún un. Wò ó, mo ti rò ó títí. Òun rò pé orin ni. Èmi náà kò rántí sọ fún un pé orúkọ ni. Kò sí ilé mìíràn ní Etídò tó ń jẹ́ ọmọ a-fi-àwọ̀n-bora, ilé bàbá mi nìkan ni, nínú ilé bàbá mi sì rèé, èmi nìkan ni obìnrin tó ṣẹ́ kù. Ó yọ Ràṣídátù. Ó yọ Ìdáyátù. Ó yọ orúkọ ìlú. Ó wá fi èyí tó tóbi jù sílẹ̀, nítorí pé ó dùn.

Ọjà ni mo wà nígbà tó jáde. Rédíò ẹlẹ́ja tó kọjú sí mi ló gbé e. Ohùn kan wú jáde, ó nípọn, ó ń fà.

Ẹlẹ́ja náà ní, "Kai! Ta ni ọ̀pọ̀lọ́ yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀lọ́ ọ̀hún sọ̀rọ̀ afárá. Ó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó wá kó ẹ̀ṣọ́ lọ síbi ìṣílé. Omi nìkan ló ń dún nínú bàsíà. Nígbà tó di pé ó ń ki oríkì, n kò mọ ibi tí mo wà mọ́. Ó ṣe mí bíi pé ohùn mi ti bọ́ síwájú mi, ó ń padà lọ sílé láìmú mi dání, ó ń gba orí afárá kọjá, kò bẹ̀rù. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, ọ̀bẹ ti gé mi níka. Ẹ̀jẹ̀ mi àti ẹ̀jẹ̀ ẹja ń bá ara wọn lọ nínú gọ́tà.

Ọjọ́ kẹrin, Súnkànmí wá ra ẹja.

Ojúlé kejì sí tiwa ni wọ́n bí i sí. Mo ti pọ̀n ọ́n rí. Ọ̀dọ̀ Olóyè ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, aṣọ funfun ló wọ̀, kò fẹ́ kí omi ẹja ta sí i. Ó gbé àrọ̀ kan sílẹ̀ níwájú mi. Kò kí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí lójú, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé:

"Odò kì í gbé wa…"

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀: "Àwa la gbé odò níyàwó."

Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Bí wọ́n bá ki ọ́ dé ìdajì, ìwọ lo máa parí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá á parí rẹ̀. A kì í fi í sílẹ̀ láàbọ̀. Súnkànmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá rà gan-an nìyẹn.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo kàn gbàdúrà pé kó má jẹ́ ẹ̀yin."

"Súnkànmí, ṣé kí n gé e tàbí kí n fi í sílẹ̀ lódindi?"

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹja tàn mí, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti pe ọmọ Kubwa yẹn sí ọ́fíìsì kan láti àná. Wọ́n ní òun ló jókòó hun ìtàn náà, tó fi sí yín lẹ́nu kó lè ba Olóyè lórúkọ jẹ́. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe àpẹẹrẹ." Ó sún mọ́ mi. "Ẹ wá lọ́la. Ẹ kàn ní òun ló kọ́ yín. Ó tán. Ẹ̀yin kò mọ nǹkan kan, ìwé mẹ́fà lẹ kà."

"Bí mo bá ní òun kọ́ ló kọ́ mi?"

Ó dìde. Ó gbọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni ilé tí ẹ ń gbé? Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ o. Ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀." Ó rìn díẹ̀, ó yí padà. "Ohùn mẹ́fà ló wà nínú nǹkan yẹn. Wọ́n máa bi yín léèrè àwọn márùn-ún yòókù."

Kò gbé ẹja náà.

Mo gbé e lọ sí Lugbe, a sè é. Nígbà tí a jẹun tán ni mo sọ fún Lydia. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ràṣídá! Ìwọ àti ẹnu rẹ! Wọ́n ní kó o sọ ìtàn, o lọ ń kígbe oríkì bí ìyàwó tó ń relé ọkọ!"

"Ṣé kí n fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lómi láìkì í ni?"

Ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi eegun ẹja ṣeré lórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tó yá, ó ní, "Lọ sọ pé òun ló kọ́ ẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bàbá, ó ní ìyá, ó ní ilé ní Kubwa. Àwa ńkọ́?" Ó tún ní, ohùn rẹ̀ kéré gan-an, "Ohun tí o bá sọ, Ràṣídá, má dárúkọ mi."

Mo ní n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Bàlúù kan kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Lugbe láàárọ̀. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀nà, ó funfun báláú. Ọkọ̀ tó wà níwájú wa ti pòórá. Mo fi orí ti fèrèsé. Mo ti pinnu. Mo máa sọ pé òun ló kọ́ mi. Mo ń tún un sọ nínú mi, bí ọmọ iléèwé: òun ló kọ́ mi, òun ló kọ́ mi.

N kò mọ ìgbà tí oorun gbé mi. Mo kàn rí i pé bọ́ọ̀sì náà ti wọ odò. Kò sẹ́ni tó pariwo. Omi ga dé fèrèsé, ó mọ́, àwọn epìyà ń wo àwọn èrò lójú. Ìdáyátù jókòó tì mí. Ó ń fún etí ìró rẹ̀, omi ń kán, kò tán. Orí rẹ̀ ṣófo, kò wé gèlè.

Ó ní, "Ràṣídá, níbo lò ń lọ tó o wọ aṣọ ọdún?"

"Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ mi?"

"Mo máa ní kò ṣẹlẹ̀. Mo máa ní wọ́n kọ́ mi sọ ọ́ ni."

Kò bínú. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bínú. Ó kàn wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti hunjọ, bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ nídìí aṣọ fífọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, kí ni mò ń ṣe nínú omi?"

Kọ̀ńdọ́ ló gbá mi léjìká. "Mọ́mì! Ẹ ò ní sọ̀ ni?"

Mo fọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Ó gbẹ.

Yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀ tutù ju ọyẹ́ lọ. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó mú bírò dání, ìwé funfun wà níwájú rẹ̀. Súnkànmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ayọ̀midọ̀tun wà lórí àga kékeré kan nígun. Irun rẹ̀ ti rí játijàti. Ó rí mi, ó gbé ojú rẹ̀ kúrò kíá.

Ọkùnrin náà bi í léèrè ní Yorùbá, "Ìyá yìí ńkọ́? Ṣé òun ni?"

Ọmọ náà ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n. Mi ò rí wọn rí."

Irọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé ó ti ń pa irọ́ yẹn láti ìjẹta. Ó ti jókòó sínú òtútù yẹn, kò dárúkọ ẹnì kan nínú wa. Ó ṣèlérí lórí ẹní, ó sì dúró lórí ẹ̀.

Wọ́n tẹ fóònù. Ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà. Afárá. Ẹja tí wọ́n fi ìwé wé. Nígbà tó dé "Odò kì í gbé wa", ó dá.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù. A mọ̀ pé ọmọ yìí ló kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó ní kẹ́ ẹ kà á. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ṣí ẹnu. Òun ló kọ́ mi wà lórí ahọ́n mi, ó ti ṣe tán. Omi ń kán níbì kan, bóyá lára ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kán.

Mo ní, "Ẹ ní kó parí rẹ̀."

"Kí ni?"

"Oríkì yẹn. Bó bá jẹ́ òun ló kọ ọ́, á mọ ìyókù. Ẹ ní kó parí rẹ̀."

Ọkùnrin náà kọjú sí i. Ọmọ náà la ẹnu. Ó wò mí. Omi lé sójú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀… Mo rò pé ó ti parí."

Nígbà náà ni mo wo ògiri. Ètè Súnkànmí ń mì. Kò mọ̀ pé ó ń mì. Àwa la gbé odò níyàwó, ó ń sọ ọ́ láìsí ohùn, bí gbogbo ọmọ Etídò ṣe máa ń sọ ọ́. Ọkùnrin oníbírò náà rí i.

Mo dìde. Mo parí rẹ̀ fún wọn:

Odò kì í gbé wa,
àwa la gbé odò níyàwó.
A fi ọkọ̀ fẹ́ ẹ, a fi àjẹ̀ yìn ín.
Bí omi bá mú ọ̀kan lọ nínú wa,
ẹ bi omi. Ẹ má bi ẹja.

"Ohùn mi ni," mo ní. "Ilé bàbá mi ni wọ́n ti kọ́ mi, kì í ṣe Kubwa. Ọkọ̀ Olóyè ló kó àwọn ẹ̀ṣọ́ kúrò lórí afárá. Mo rí i. Èmi ni mo dín ẹja tí wọn ò jẹ tán. Ìdáyátù lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó dára."

Ayọ̀midọ̀tun ń sunkún, kò fi pamọ́ mọ́. Súnkànmí ti kọjú sí ògiri.

Ọkùnrin náà kọ ọ́. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó fi bírò fa ìlà márùn-ún síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó dáa, Ràṣídátù. Ó ku àwọn márùn-ún. Ta ni wọ́n?"

Mo jókòó. Mo rí àwọn ọmọ Lydia lórí sìmẹ́ńtì, mo rí eegun ẹja lọ́wọ́ wọn. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì lé itan. Ìpẹ́ kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó ń dán.

"Mo ní ta ni wọ́n? Ẹnì kan kì í dá gbé ilé alájà."

Mo wò ó.

"Mọ́mì. Ẹ dárúkọ ẹyọ kan péré, kí ẹ máa lọ sílé."

Ìwọ náà, má bi mí.